Ògiri Tí Bàbá Àgbà Fi Sìmẹ́ńtì Bò

Àwọn ará Ọ̀fà tí wọ́n ń sọ pé àwọn mọ bàbá bàbá mi kò mọ̀ ọ́n. Ògiri rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Nígbà tí ó kú, tí ìjọ kún ìta wa, kò sí ẹni tí ó dìde láti yìn ín tí kò na ọwọ́ sí iwájú ilé náà: pé òun ni ó kọ́kọ́ fi sìmẹ́ńtì bo ilé alámọ̀ ní àdúgbò wa, pé ilé rẹ̀ ni àlejò tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin máa ń kọ́kọ́ rí bí ó bá ti ń bọ̀ láti téṣọ̀n, pé ẹni tí ojú ilé rẹ̀ mọ́ tó báyìí, inú rẹ̀ náà kò lè ṣàì mọ́. Mo jókòó láàrin wọn, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé àṣà wa ni láti fi ẹnu rere sin òkú. N kò lè bọ̀wọ̀ fún àṣà tí ó ń sin òtítọ́ mọ́ òkú nínú pósí kan náà.

N kò ní kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Oko tí ó kọ́kọ́ dá, iye ọmọ tí ó bí, oyè tí ìjọ fi dá a lọ́lá, gbogbo ìyẹn ti wà nínú ìwé pẹlẹbẹ tí ìdílé tẹ̀ fún ìsìnkú. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni irú ènìyàn tí ó jẹ́, àti ohun tí ó ṣe sí ìyàwó rẹ̀, ìyá bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Nǹkan méjì ni Ìyá Àgbà ní láyé tí kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀. Èkíní ni ara rẹ̀ tí ó le koko, tí ó fi ń rìn dé ibi tí ó bá wù ú. Èkejì ni orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi amọ̀ rẹ́ ilé ju gbogbo obìnrin tí ó wà láti Ọ̀fà dé Òjòkú. Bàbá Àgbà gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gba orúkọ.

Oníṣòwò iṣu ni bàbá náà. Ó ń ra iṣu ní Ìjàgbó àti Òjòkú, ó ń kó o sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ní àràárọ̀, kí ó tó fọ ẹnu, ó ti mú àkísà tútù, ó ti ń nu ògiri iwájú ilé láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dé igun. Ibi tí ewúrẹ́ ti fara ha, ẹrẹ̀ tí táyà kẹ̀kẹ́ ta sí i, ìka ọwọ́ ọmọdé: ó mọ àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń wá ẹni tí ó ni ín títí yóò fi rí i. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fara ti ògiri náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti ìgbà èwe, àgbàlagbà tí ó fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Ìjàgbó nínú òòrùn, jókòó sí pèpéle, ó sì fi ẹ̀yìn ti sìmẹ́ńtì náà.

“Dìde kúrò níbẹ̀,” ni Bàbá Àgbà wí.

“Jẹ́ kí n mí ná. Ṣé ó ń dun ògiri ni?”

“Mo ní kí o dìde.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. “Ìwọ yìí, ògiri lásán-làsàn! Mo ti bá ọ jẹ iṣu nínú eérú rí, o sì ń lé mi kúrò lára ògiri?”

Bàbá Àgbà mú àkísà rẹ̀, ó dúró tì í lórí. “Ṣé ẹ̀yìn rẹ ló bá mi rà á?”

Ọ̀rẹ́ náà dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó kí Ìyá Àgbà pé ó dàbọ̀, kò sì tún ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé dé ilé wa mọ́ títí ó fi kú.

Bí ó ti ṣe sí ilé ni ó ṣe sí ara. Agbádá tí ó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì gan bí pátákó nítorí sítáàṣì. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ya dé ìdí. Bàtà rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ láti inú ihò tí ó wà nísàlẹ̀ bàtà náà. Àwo tí a ya òdòdó sí ni àlejò fi ń jẹun; igbá tí ó ti sán, tí a fi òwú gán, ni àwa fi ń jẹ tiwa ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Àgbà máa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. “Bàbá Sámúẹ́lì,” ni yóò wí fún un bí wọ́n bá ti ń múra, “ẹ bá wa bẹ atẹ́gùn o. Bí ó bá ká agbádá yìí sókè lónìí, gbogbo ìjọ ni yóò sá jáde.” Àwa ọmọ á fi ọwọ́ bo ẹnu. Òun kì í rẹ́rìn-ín. Á tún ọrùn agbádá ṣe, á sì dá a lóhùn pé, “Ará ọ̀nà kì í wọ yàrá.”

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó ti ṣe mí lóore, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi pamọ́. Òun ni ó ní kí wọ́n rán mi lọ sí ilé-ìwé nígbà tí bàbá tí ó bí mi gan-an ń ṣiyèméjì pé obìnrin ni mí. Òun ni ó san owó ilé-ìwé mi títí mo fi gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tí ó gbé mi dé yunifásítì. Mo dúpẹ́ nígbà náà. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fi owó náà lé mi lọ́wọ́, mo bi í léèrè ìdí tí ó fi yan èmi láàrin ọmọ-ọmọ mọ́kànlá. Ó wo ojú pópó kí ó tó fèsì. Ó ní, “Ọmọ tí ó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, sìmẹ́ńtì ni lára ìdílé.”

Ẹni tí kò bá gbé ilé alámọ̀ rí yóò rò pé amọ̀ inú ògiri nìkan ni ó gbé ilé náà dúró. Bí a kò bá rẹ́ ẹ, òjò ọdún mélòó kan ni yóò jẹ ẹ́ tán. Ọdọọdún, bí òjò bá ti ṣíwọ́, ni àwọn obìnrin agbo ilé máa ń fún ògiri ní awọ tuntun, kò sì sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà tó Ìyá Àgbà. Ó máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀ náà fúnra rẹ̀. Á fi ìgbẹ́ màálù tí ó rà ní gáà àwọn Fúlàní pò ó, á da omi tí ó fi se èèpo igi irú sí i, omi pupa bí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti pẹ́, á sì bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó gbó, kí ó rùn. Lẹ́yìn èyí ni yóò bu díẹ̀, yóò fi pa apá òsì rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, yóò sì jókòó sínú òòrùn. Bí amọ̀ náà bá gbẹ tán, á ká apá rẹ̀ kò. Bí ó bá sán, a jẹ́ pé kò tíì tó. Á padà lọ tẹ òmíràn. Bí ó bá tẹ̀ lé awọ rẹ̀ láì já, á dìde, á gbé igbá amọ̀ lọ sí ìdí ògiri. Ìka mẹ́rin ni ó fi ń parí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fà wọ́n wálẹ̀ bí ipa omi lórí yanrìn. Àwọn obìnrin tí wọ́n mọ̀ ọ́n, bí wọ́n bá rí ìlà mẹ́rin yẹn lára ilé ní ìlú òkèèrè, á ní, “Ìyá Ọ̀fà ti dé ibí.”

Ní ọdún kan tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbóná láàrin àwa àti Ẹ̀rìn-Ilé, obìnrin kan ránṣẹ́ láti ibẹ̀ pé kí ó wá bá òun rẹ́ ilé. Bàbá Àgbà gbọ́, ó dìde lórí oúnjẹ.

“Ilé àwọn tí à ń bá du oko ni o fẹ́ lọ rẹ́?”

“Bàbá Sámúẹ́lì, ògiri ni mo fẹ́ lọ rẹ́. N kò lọ pa ààlà.”

“Kí ni àwọn ará ìta yóò sọ?”

“Wọn yóò sọ pé òjò ń rọ̀ ní Ẹ̀rìn-Ilé náà.”

Ó lọ. Oṣù kan gbáko ni Bàbá Àgbà kò fi bá a sọ̀rọ̀. Lákòókò ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Ìyá Àgbà mú mi lẹ́yìn lọ síbi iṣẹ́, tí ó gbé ọwọ́ mi lé ògiri tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ kí n lè mọ bí ó ti tutù. N kò gbàgbé ohun tí ó sọ. Ó ní, “Ògiri ń mí, Àyọ̀ká. Bí o bá dí i ní imú, ara rẹ ni yóò kú sí.”

Ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé sìmẹ́ńtì dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọlọ́gbọ́n fi ṣe ilẹ̀ yàrá, wọ́n fi ṣe ẹnu kànga. Bàbá Àgbà ní kí wọ́n fi bo iwájú ilé, iwájú nìkan, láti ìpìlẹ̀ dé abẹ́ páànù. Bíríkìlà tí ó gbé iṣẹ́ náà fún ni Ràfíù, ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò wa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ dé láti Ìlọrin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, Ràfíù mú àdá, ó ń sá ògiri náà yánnayànna kí sìmẹ́ńtì lè rí ibi dì mú. Ìlà ìka mẹ́rin Ìyá Àgbà ni àdá náà kọ́kọ́ jẹ. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

“Ràfíù, ọmọ mi, níbo ni omi yóò gbà jáde?”

“Omi wo, Ìyá?”

“Èyí tí ó ń gun ògiri láti ìsàlẹ̀. Èyí tí yóò gba orí wọlé bí páànù bá jò. Amọ̀ ń làágùn.”

Ràfíù rẹ́rìn-ín. “Ìyá, sìmẹ́ńtì kì í làágùn o. Òyìnbó ló ṣe é.”

“Amọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Òyìnbó ló ṣe ìyẹn náà?”

Ẹ̀rín Ràfíù kú. Ó wo ògiri, ó wo òkè, ó wá yíjú sí ọkọ. “Bàbá, ọ̀rọ̀ wà nínú ohun tí Ìyá sọ o. A lè bò ó dé ibi àyà, kí a fi amọ̀ rẹ́ òkè bí ti tẹ́lẹ̀.”

“Ṣé ààbọ̀ ẹ̀wù ni mo ní kí o rán fún mi?”

“Rárá o, Bàbá.”

“Bò ó dé òkè.” Ó wá kọjú sí ìyàwó rẹ̀ tí ó ti ń fi ọwọ́ rẹ́ ògiri yẹn láti ìgbà tí ó ti wọlé ọkọ, ó sì sọ ọ́ níwájú bíríkìlà, níwájú àwa ọmọ, níwájú àwọn tí ń kọjá, pé, “Iṣẹ́ rẹ ti parí níwájú ilé yìí. Ẹ̀yìnkùlé ni tìrẹ.”

Ọdún méjì ni ilé náà fi dán. Ní ọdún kẹta, ìlà kan tí kò nípọn ju irun orí lọ yọ lápá òsì, ibi tí yàrá Ìyá Àgbà wà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń sùn nígbà náà, mo sì tó ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó pè mí jáde, ó fi eegun ìka rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì náà láti òkè wá sílẹ̀. Lókè, ó dún bí àpótí òfìfo: awọ ti bọ́ kúrò lára ẹran. Nísàlẹ̀, kò dún rárá. Ó dákẹ́ bí àpò ìyẹ̀fun tí omi ti wọ̀. “Omi ti wà níbẹ̀,” ni ó wí. Nínú yàrá, ògiri náà ti yọ ikùn bí aboyún oṣù márùn-ún.

Ìgbà mẹ́ta ni ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí ó ṣí ibẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Bàbá Àgbà ní kí Ràfíù fi sìmẹ́ńtì dí ìlà náà. Ní ìgbà kejì, ó ra ẹfun, ó kùn ún mọ́lẹ̀. Ìgbà kẹta bọ́ sí òpin oṣù kẹsàn-án ọdún tí a fẹ́ gba òmìnira, òjò sì ń rọ̀ láìdákẹ́. Mo wà níbẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ ni mo gbé dé iwájú rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí Ràfíù ṣí i,” ni Ìyá Àgbà wí lórí ìkúnlẹ̀. “Ọjọ́ kan péré. Èmi fúnra mi yóò fi amọ̀ dí i.”

“Lẹ́yìn òmìnira.”

“Òjò kò ní dúró de òmìnira, Bàbá Sámúẹ́lì.”

“Ojú pópó yìí ni àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò gbà kọjá pẹ̀lú àsíá. Ibí yìí ni àwọn olóyè yóò gbà. O fẹ́ kí wọ́n rí egbò lójú ilé mi?”

“Ó dára. Ẹ jẹ́ kí èmi àti ọmọ yìí kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn títí yóò fi kọjá.”

“Iṣu wà nínú yàrá ẹ̀yìn.”

“Ẹ jẹ́ kí á gbé iṣu wá sí iwájú, kí àwa lọ sí ẹ̀yìn.”

Ó bu òkèlè, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó gbé e mì. Ó ní, “Iṣu kì í pẹ́ nínú ọ̀rinrin.”

Ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú òmìnira ni ògiri náà wó. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ti jẹun. Ìyá Àgbà lọ fẹ̀yìn lélẹ̀, èmi ń fọ àwo ní ẹ̀yìnkùlé. Ariwo náà kò pọ̀. Ó dún gbìì, bí ìgbà tí alágbàrù bá sọ ẹrù kalẹ̀, igbe rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ìdajì ògiri tí ó kọjú sí yàrá ti yọ́ lulẹ̀, ó ti dà lé e láti ìbàdí dé ẹsẹ̀. Igi àjà méjì jábọ́ tẹ̀ lé e, wọ́n sì há sẹ́nu ilẹ̀kùn, débi pé orí ọmọdé kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìdajì tí ó kọjú sí ìta kò mira. Sìmẹ́ńtì dì í mú. Èmi sáré yí ilé ká dé iwájú, mo sì rí i bí ó ti funfun, tí kò sí ohun tí ó ṣe é, tí ọkùnrin kan tí ó ń kọjá lórí kẹ̀kẹ́ ṣì ń kí Bàbá Àgbà pé ó kú ìsinmi.

Ràfíù gbọ́ igbe mi, ó sáré dé pẹ̀lú òòlù ńlá, àwọn ọkùnrin méjì tẹ̀ lé e. Ó wo inú, ó wo ìta, ó sì mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. “Bàbá, ẹ yẹra. Láti ìta ni. Ohun tí ó kù kò nípọn mọ́. Bí mo bá gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, a ti dé ọ̀dọ̀ wọn.”

Bàbá Àgbà bọ́ sí iwájú ògiri, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi ẹ̀yìn tì í.

“Ẹ gba inú.”

“Igi ti dí ilẹ̀kùn, Bàbá!”

“Ẹ gé igi.”

“Gígé igi yóò pẹ́! Amọ̀ tútù ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Bàbá, nítorí Ọlọ́run, ìyàwó yín ni!”

“Mo ní kí ẹ gba inú. Ẹ kò ní ba ojú ilé mi jẹ́ nígbà tí òmìnira ku ọjọ́ mẹ́fà.”

Bàbá mi, àkọ́bí ọkùnrin náà, ti dé nígbà yẹn. Ó dúró. Ó wo bàbá rẹ̀. Èmi di ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà mú, mo ń sọkún pé Ìyá ń kígbe, ṣé wọn kò gbọ́ ni. Ó wolẹ̀ wò mí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè ju bí ó ti í rí lójoojúmọ́ lọ.

“Mo gbọ́,” ni ó wí. “Ẹni tí ó bá ṣì ń kígbe kò tíì kú.”

Wọ́n gé igi. Ayùn kan ṣoṣo ni ó wà, ó sì kú. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò ti ń pe ìrun ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó fà á jáde láti ẹ̀yìnkùlé, lórí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ láti ilé ìdáná. Ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù bi wá pé wákàtí mélòó ni ẹsẹ̀ náà fi wà lábẹ́ amọ̀. Bàbá mi dá a lóhùn, ẹni náà sì ṣí ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún wò ó, ó ní bí ó bá ṣe pé wọ́n tètè gbé e wá ni. Kò parí gbólóhùn náà. Wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì náà ní orúnkún.

Ní ọjọ́ òmìnira, wọ́n ti fi òpó ti ògiri náà láti inú. Ojú rẹ̀ funfun. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kọjá pẹ̀lú àsíá aláwọ̀ ewé, Bàbá Àgbà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú agbádá, ó ń juwọ́ sí wọn. Ìyá Àgbà wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó dúró sí, ǹ bá máa pè é ní òǹrorò, kí n sì panu mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń béèrè bí ògiri ṣe wó lu ìyàwó Bàbá nínú ilé tí a fi sìmẹ́ńtì bò. Kò já wọn kulẹ̀. Ó ń mú wọn wọ yàrá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, òun tí ó ní ará ọ̀nà kì í wọ yàrá, ó sì ń fi ọwọ́ hàn wọ́n. “Ẹ wò ó. Amọ̀ rẹ̀ ni. Ọdọọdún ni ó ń fi ẹrẹ̀ lé ẹrẹ̀ nínú yàrá yìí, ó wúwo, ó fa ògiri wálẹ̀. Ṣé ẹ rí apá ìta? Sìmẹ́ńtì kò mira. Òun ni ó gba ilé là.” Ojú wọn ni ó fi tàn wọ́n jẹ. Wọ́n rí amọ̀ nílẹ̀, wọ́n rí sìmẹ́ńtì lóòró, kí ni ó tún kù tí ènìyàn fẹ́ gbọ́? Kò sí ẹnìkan láàrin wọn tí ó bi ara rẹ̀ pé báwo ni amọ̀ tí ó ti dúró láti ìgbà tí a ti kọ́ ilé náà ṣe wá wó lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí a fi nǹkan bo ojú rẹ̀.

Láti ọdún yẹn, kò sí obìnrin kan tí ó tún wá jókòó ti Ìyá Àgbà láti bi í bí a ti ń po amọ̀. Jíjókòó kò dí i lọ́wọ́. Ó lè kọ́ni, ó lè fi apá rẹ̀ dán amọ̀ wò. Wọn kò wá. Aya ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin bàbá mi, tí ó ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ rẹ̀, ni ó sọ ọ́ fún un lójú pé, “Ìyá, ẹ má bínú o, àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù ọwọ́ yín.” Ràfíù di ọlọ́lá. Gbogbo àdúgbò ni ó ń pè é wá bo iwájú ilé. Ó ń gba ọ̀nà mìíràn kọjá kí ó má baà rí ìyá náà lórí àpótí rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ọdún méje ni ó fi jókòó síbẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ ń nu ògiri láràárọ̀ ní òdì kejì ilé kan náà.

Bàbá Àgbà wá kú, lórí bẹ́ẹ̀dì, nínú oorun, ikú tí àwọn ènìyàn ń tọrọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú, àwọn àgbà ìjọ àti àwọn ẹbí jókòó sí iwájú ilé. Wọ́n gbé Ìyá Àgbà jáde, ó wà lórí àga láàrin àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta. Èmi náà ti dé láti yunifásítì. Kò pẹ́ tí Ràfíù yọ, ó ti sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun ṣáájú ọjọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Àgbà, kò sì dìde nígbà tí wọ́n ní kí ó dìde.

“Ẹ̀yin àgbà,” ni ó wí láti ilẹ̀, “ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí mo fẹ́ sọ nípa ògiri yìí. Ó ti ń jẹ mí nínú láti ọdún méje. Ọjọ́ tí ó wó, ohun tí Bàbá sọ fún yín...”

Mo ti dúró de ọjọ́ yìí. Olórí àwọn àgbà ìjọ tẹ̀ síwájú lórí àga. “Sọ ọ́, Ràfíù. Kí ni ó dé?”

Ìyá Àgbà wo àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi, tí ó dúró wòran ní ọjọ́ náà, ń wo ilẹ̀. Ìyá Àgbà wo àwọn ènìyàn tí wọ́n kún ojú pópó, ó sì gbé ọwọ́ sókè.

“Ràfíù, dìde. Àánú mi ló ń ṣe ọ́, o fẹ́ bá mi ru ẹrù mi. Ìwọ kọ́, sìmẹ́ńtì kọ́. Amọ̀ mi ni. Ọdún yẹn, mo kánjú. N kò jẹ́ kí ó gbó tó ọjọ́ mẹ́ta.”

Olórí àgbà ìjọ fẹ̀yìn padà, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí a gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. “Ìyá, Ọlọ́run yóò bù kún yín. Ẹ gbọ́ bí ó ti jẹ́wọ́? Irú obìnrin tí ó yẹ bàbá náà nìyí.”

Mo dìde. “Irọ́ ni, Ìyá.”

“Kí ni ọmọ yìí wí?” ni olórí náà béèrè.

Ìyá Àgbà kò wo ojú mi. “Ó ní òùngbẹ yóò ti máa gbẹ yín,” ni ó wí. “Àyọ̀ká, lọ bu omi fún àwọn bàbá rẹ.”

Mo ní ẹnu. Mo ní ìwé. Ní yunifásítì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan kò lè sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ kí n má dìde ta kò ó. Mo lọ sí ìdí àmù, mo bu omi kún ife mẹ́jọ, mo tò wọ́n sórí àwo pẹrẹsẹ, mo gbé e jáde, mo sì kúnlẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé ọ̀dọ̀ Ràfíù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba tirẹ̀, ó sì mu ún tán.